Wọ́n Ń Sá fún Olè ní Belize, Ìyọnu Wà Lápò Wọn

Ẹ má bínú sí mi o, ọ̀rọ̀ yìí ti ń yún mi lẹ́nu tipẹ́. Àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà àti Kánádà tí wọ́n di ẹrù wọn lọ sí Belize láti lọ jẹ ìgbádùn ọjọ́ ogbó, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi ara wọn kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì: ṣé ìlú yẹn ò léwu? Ṣé olè ò pọ̀ níbẹ̀? Ṣé èèyàn lè fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ lálẹ́ kó sùn? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, n ò ní í fi ìyẹn bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo àwọn ìtàn tó ti àárín àwọn àlejò wọ̀nyí jáde láti ọdún 2012 síbí, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá onílé ló yẹ kó máa ba àlejò lẹ́rù, àbí àlejò ló yẹ kó máa ba onílé.

Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, Belize ni ilẹ̀ kékeré tó wà láàárín Mẹ́síkò, Guatemala àti òkun Káríbíánì. Abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló wà títí di ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1981. Gbogbo èèyàn ibẹ̀ ò ju nǹkan bí 400,000 lọ. Alimosho nìkan ní Èkó jù wọ́n lọ fíìfíì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìjọba, Kriol ni wọ́n fi ń ṣe òfófó, dọ́là wọn méjì sì ni dọ́là Amẹ́ríkà kan. Láti ọdún 1999 ni òfin wọn ti ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Kí ẹ sáà ti fi hàn pé 2,000 dọ́là Amẹ́ríkà ń wọlé fún yín lóṣù, ẹ lè kó mọ́tò àti àga ilé yín wọlé láìsan kọ́bọ̀ fún àwọn aṣọ́bodè. Oòrùn wà, ẹja wà, bíà Belikin tútù wà, ilẹ̀ etíkun ò sì wọ́n tó ti Florida. Ní San Pedro, lórí erékùṣù Ambergris Caye, ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣeré gọ́ọ̀fù ni ọ̀pọ̀ wọn ń wà kiri àdúgbò bí ẹni tí kò ní ìṣòro kankan láyé.

Ká sòótọ́, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní Belize. Ní 2012, àwọn tí wọ́n pa lé ní 140, nínú ìlú tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ń ṣàn sí. Apá gúúsù Belize City ni, àwọn àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Southside, níbi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ti ń yìnbọn fún ara wọn nítorí ojú pópó tí kò ju ìbùsọ̀ díẹ̀ lọ. Ìjọba kéde òfin pàjáwìrì níbẹ̀ ní 2020, wọ́n tún kéde rẹ̀ ní 2022, wọ́n tún un ṣe ní 2024. Ọmọ Belize ló ń kú, ìyá Belize ló ń sunkún. Òyìnbó San Pedro kì í fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ Philip Goldson ni ọkọ̀ òfurufú kékeré mìíràn ti ń gbé e fò kọjá lórí òkun lọ sí etí omi rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, nígbà tó ń kìlọ̀ fáwọn ọmọ rẹ̀ nípa Belize, Southside yìí gan-an ló dárúkọ.

N ò sọ pé wọn ò pa àlejò rí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, wọ́n pa obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Chicago, tó wá lo ìsinmi ní apá ibi tí Belize ti bá Guatemala pààlà. Ní 2017, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan àti obìnrin ará Kánádà kan kúrò níbi tí wọ́n ti ń mutí ní Corozal lálẹ́, inú oko ìrèké ni wọ́n ti bá òkú wọn. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹnu mi ò gba ẹ̀fẹ̀ lórí ìyẹn.

Ibi tí ẹnu mi ti gba ọ̀rọ̀ ni ti John McAfee. Háà! Ẹ gbà mí o!

Ẹ mọ̀ ọ́n, bí ẹ ò bá mọ ojú rẹ̀, ẹ ó ti rí orúkọ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Òun ló fi orúkọ ara rẹ̀ ta ètò tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Olówó ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà tó fi Belize ṣe ilé. Ó ní ewé igbó lòun fẹ́ fi wá oògùn tuntun. Ó kọ́lé sí ẹ̀bá New River ní ẹkùn Orange Walk, ó gba àwọn ọkùnrin tó gbébọn dání bí ẹ̀ṣọ́, ó kó ajá jọ, ó sì kó àwọn ọmọdébìnrin tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ jọ sábẹ́ òrùlé kan náà. Kì í ṣe èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ń sọ ọ́ fáwọn oníròyìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa yìí wà lọ́jà o, orí tirẹ̀ gan-an ló wọ́.

Ní ìparí oṣù Kẹrin 2012, àwọn ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ẹgbẹ́ jàǹdùkú ya wọ inú ọgbà rẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa ajá rẹ̀ kan, wọ́n ní àwọn ń wá oògùn tí kò níwèé àṣẹ àti ìbọn tí kò níwèé àṣẹ. Wọ́n mú un, wọ́n fi í sílẹ̀, wọn ò fà á lọ sí kóòtù. Òun ní nítorí pé òun ò fún olóṣèlú kan lówó ni. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tí ọ̀ràn fò lórí báyẹn, ṣe ló yẹ kó lọ jókòó jẹ́ẹ́.

Ó jókòó, àmọ́ kì í ṣe jẹ́ẹ́. Ilé rẹ̀ tó wà létí òkun ní San Pedro ló kó lọ, tòun ti ajá rẹpẹtẹ. Ajá rẹpẹtẹ! Wọ́n ń gbó lóru, wọ́n ń lé àwọn tó ń rìn gba etíkun kọjá. Aládùúgbò rẹ̀, òyìnbó bíi tirẹ̀, ará Florida, fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá 2012, ẹnì kan fún àwọn ajá náà ní májèlé jẹ. Ní ọjọ́ 11, wọ́n bá aládùúgbò náà nílé rẹ̀, ọta ìbọn lórí, ó ti kú.

Ọlọ́pàá ní àwọn fẹ́ bi McAfee ní ìbéèrè. Ẹ̀yin, kí ni ẹ máa ṣe? Ẹ ó pe lọ́yà yín, ẹ ó lọ dáhùn. Bàbá tiwa gbẹ́ iyanrìn, ó wọ inú rẹ̀, ó sì fi páálí bo orí kí ó lè máa mí. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Olówó tí gbogbo ayé mọ̀, nínú iyanrìn, lábẹ́ páálí! Dean Barrow tó jẹ́ olórí ìjọba Belize nígbà náà sọ ọ́ ní gbangba pé ó jọ pé orí ọkùnrin náà ti dàrú. Lẹ́yìn ìyẹn ló gba ọ̀nà ẹ̀yìn sá lọ sí Guatemala pẹ̀lú ọmọbìnrin ẹni ogún ọdún kan, ó tún kó oníròyìn dání, ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá! Fọ́tò tí àwọn oníròyìn náà yà ló tú àṣírí ibi tó wà, torí fóònù ti kọ ibùdó náà sínú àwòrán. Guatemala tì í mọ́lé pé ó wọ ìlú láìgbàṣẹ, kí oṣù Kejìlá sì tó parí wọ́n ti dá a padà sí Miami.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe é bó ṣe yẹ: kò sí kóòtù Belize kankan tó fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án, òun náà sì ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí tó fi kú. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí olóògbé gbé e lọ sí kóòtù ní Florida, ní 2019 adájọ́ ní kó san mílíọ̀nù 25 dọ́là fún wọn. Ní oṣù Kẹfà 2021, inú ẹ̀wọ̀n kan nítòsí Barcelona ló kú sí, ní ọjọ́ kan náà tí kóòtù Spéìnì gbà kí wọ́n dá a padà sí Amẹ́ríkà láti jẹ́jọ́ owó orí. Nínú gbogbo ìtàn yìí, láti orí ajá dé orí òkú, ẹ wá ọmọ Southside kan fún mi. Kò sí.

Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ẹ sún mọ́ mi.

Michael Ashcroft, ẹ ti lè gbọ́ nípa rẹ̀ bí ẹ bá ń gbé London. Olówó ńlá ni, ó ti jẹ́ akápò ẹgbẹ́ Kọnsáfétíìfù rí, Lord ni, òwò rẹ̀ sì ti ta gbòǹgbò ní Belize láti ìgbà pípẹ́. Ní 2021, ọmọ rẹ̀ Andrew ń gbé San Pedro pẹ̀lú Jasmine Hartin, ọmọ Kánádà, tó bí ìbejì fún un. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe àlejò tó ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì. Òtẹ́ẹ̀lì aláràbarà ni wọ́n ń ṣí. Bí ààbò bá wà fún ẹnikẹ́ni ní Belize, àwọn ló wà fún: ọgbà wà, ẹ̀ṣọ́ wà, ọ̀gá ọlọ́pàá pàápàá wà lára ọ̀rẹ́.

Ọ̀rẹ́ yẹn lọ̀rọ̀ wà. Henry Jemmott ni orúkọ rẹ̀, ọ̀gá àgbà nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, bàbá ọmọ márùn-ún. Ní òru ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 2021, òun àti Hartin nìkan jókòó sórí afárá onípákó tó wọ inú òkun. Ẹ bá mi ka ohun tó wà lórí pákó yẹn. Òru ti jìn. Ọtí wà níbẹ̀. Òfin kónílé-ó-gbélé ìgbà kòrónà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ọlọ́pàá ló sì yẹ kó máa mú àwọn tó bá rú u. Ìyàwó ilé ẹlòmíì ń bá ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ra èjìká, nítorí èjìká ń dùn ún. Ìbọn iṣẹ́ ọba sì wà láàárín wọn. N ò sọ pé nǹkan kan wà láàárín wọn o! Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, bí èjìká bá ń dun ọkùnrin láago méjìlá òru, ilé ló ń lọ.

Ohun tí obìnrin náà sọ ni pé ọ̀rẹ́ òun yìí ló gba òun nímọ̀ràn pé kí òun ní ìbọn, kí òun lè dáàbò bo ara òun. Ààbò! Ó ní ṣe ni òun ń fi ìbọn rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki ọta sínú rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́, ni ìbọn bá dún. Ẹ̀yìn etí ló ti bà á. Ó já sínú òkun.

Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n Hattieville fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n fún un ní béèlì. Ilé tú. Òun àti ọmọ Lord bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn ìbejì mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní kóòtù, àwọn ìwé ìròyìn London sì ń gbé e jáde bí eré orí ìtàgé, fọ́tò lórí fọ́tò. Nígbà tó di 2023, ó gbà pé òun jẹ̀bi ikú tí àìbìkítà fà. Ìdájọ́? Owó ìtanràn 75,000 dọ́là Belize, tí í ṣe 37,500 dọ́là Amẹ́ríkà, àti 300 wákàtí iṣẹ́ sísìn fún ìlú. Kò sí ẹ̀wọ̀n.

Adájọ́ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, n kì í ṣe lọ́yà. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin Southside tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìníwèé àṣẹ, tí kò tíì yìn ín rárá, Hattieville náà ló ń lọ, kì í sì í ṣe fún ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ará Belize mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tó ń gbá ilẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ń dákẹ́ níwájú àlejò, wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún owó ọ̀sẹ̀ wọn ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí n gbàgbé àwọn tó ń jalè gan-an, torí wọ́n wà. Àlejò ń bẹ̀rù ọmọkùnrin tó máa gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ létíkun. Ó ra kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, ó so kámẹ́rà mọ́ igi àgbọn. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tó gbé mílíọ̀nù ní Belize, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, Amẹ́ríkà náà ni wọ́n sì jókòó sí ta ilẹ̀.

Sanctuary Belize ni wọ́n pè é. Nítòsí Sittee River, ní apá gúúsù, wọ́n gé ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń polówó rẹ̀ fáwọn ará Amẹ́ríkà tó ń wá ibi tí wọ́n máa fẹ̀yìn tì sí. Wọ́n ní ilé ìwòsàn ń bọ̀, pápákọ̀ òfurufú ń bọ̀, èbúté ọkọ̀ ìgbafẹ́ ń bọ̀. Wọ́n ní kọ́bọ̀ tí oníbàárà bá san, inú ìdàgbàsókè ilẹ̀ náà ló ń padà sí. Irọ́ funfun báláú! Andris Pukke ni baba ìsàlẹ̀. Kóòtù Amẹ́ríkà ti ká a mọ́ ibi jìbìtì mìíràn tẹ́lẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ AmeriDebt tó ní òun ń ran àwọn onígbèsè lọ́wọ́, ó sì ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Nígbà tó ń ta ilẹ̀ yìí, ó sọ ara rẹ̀ ní Marc Romeo. Romeo! Ọkùnrin àgbà ń fi orúkọ olólùfẹ́ inú eré jẹun!

Ní 2018, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, gbé wọn lọ sí kóòtù. Owó tí wọ́n ti gbà lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là. Àjọ náà ní òun ò tíì dojú kọ jìbìtì ilẹ̀ òkè òkun tó tóbi tó o rí. Ní 2020, adájọ́ Peter Messitte dá wọn lẹ́bi, ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 120.2 dọ́là. Báǹkì kan ní Belize, Atlantic International, tí owó náà ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, wó lulẹ̀ pátápátá, òun náà sì san mílíọ̀nù 23 láti fi parí ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹ bi mí léèrè pé ta ni wọ́n jà lólè. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, nọ́ọ̀sì ni, tọkọtaya tó fi owó tí wọ́n tọ́jú sí báǹkì ra ilẹ̀ tí wọn ò ní í kọ́lé sí láéláé. Ọmọ ìlú wọn tó ń sọ̀rọ̀ bíi tiwọn, tó ń rẹ́rìn-ín bíi tiwọn, ló lù wọ́n ní jìbìtì. Wọn ò bẹ̀rù rẹ̀ torí pé ó jọ wọ́n.

Kódà nígbà tí wọ́n fẹ́ já ọkọ̀ òfurufú gbà ní Belize, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin 2025, ta ló fa ọ̀bẹ yọ nínú ọkọ̀ Tropic Air tó ń ti Corozal lọ sí San Pedro? Ọmọ Amẹ́ríkà ni. Ó gún àwọn èèyàn lọ́bẹ kí èrò ọkọ̀ kan tó níwèé àṣẹ ìbọn tó yìnbọn fún un, ó sì kú. Atukọ̀ sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ láyọ̀ pẹ̀lú gbogbo ìyókù èrò.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé mo gba tàwọn onílé jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń gbé Belize tí ẹnikẹ́ni ò gbúròó wọn: wọ́n ń lọ sí ọjà Sátidé ní San Ignacio, wọ́n mọ orúkọ ọmọ ẹni tó ń ta ẹja fún wọn, wọ́n ti kọ́ Kriol díẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ò sí nínú ìwé ìròyìn. Èmi ò ní nǹkan kan láti sọ nípa wọn, ẹ̀yin náà ò sì ní í fẹ́ kà á.

Àwọn tó kù ni mò ń bá wí. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin náà ń ronú àtilọ, torí mo mọ̀ pé àwọn ọmọ wa ní Houston àti Atlanta ti ń wo àwòrán etíkun yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí pé ìlú kan náà lẹ ti wá. Ẹ gba lọ́yà ọmọ Belize tí ẹni tó ń ta ilẹ̀ náà ò bá yín wá, kó wádìí ìwé ilẹ̀ náà ní Belmopan kí ẹ tó san ohunkóhun. Ẹ bá onílé tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì ilẹ̀ náà sọ̀rọ̀, ẹ béèrè irú ajá tí wọ́n ń sìn. Bí ọ̀rẹ́ yín kan bá sì fa ìbọn yọ láti kọ́ yín ní ààbò lórí ọtí, ẹ dìde lójú ẹsẹ̀, kí ẹ máa lọ sílé.